Ẹrú Gba Òmìnira, Iṣẹ́ Ẹrú Kò Lọ: Obìnrin Niger ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìjọba Faransé

Abúlé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ mélòó kan ni Niamey jẹ́ létí Odò Ọya nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé tẹ ibùdó wọn dó síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1903, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú ilẹ̀ tí àwọn ológun ń ṣàkóso. Ní 1911, wọ́n kó àkóso lọ sí Zinder. Ní 1926, nígbà tí Jules Brévié jẹ́ gómìnà, wọ́n tún kó o padà sí Niamey, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí dòní. Bí a bá ka ìtàn àwọn ọdún wọ̀nyẹn, orúkọ ọkùnrin la máa bá pàdé láti ojú ìwé kan dé èkejì: ọ̀gágun, olóyè, àáfà, alárùú, ẹni tó bá òyìnbó jà àti ẹni tó bá òyìnbó mulẹ̀. Obìnrin a máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú tàbí ẹni tí wọ́n fi fún ọkọ. Síbẹ̀, gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ló ń jẹun lójoojúmọ́. Ta ló ń gún jéró tí wọ́n ń jẹ? Bí ìbéèrè yìí ti kéré tó lójú, mo gbà pé òun ló lè là wá lóye jù lọ nípa ipò obìnrin nígbà náà. Ohun tí mo rí nínú ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìjọba Faransé fi òfin mú ẹrú kúrò lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú iṣẹ́ tí ẹrú ń ṣe kúrò. Iṣẹ́ náà ń wá ẹni tí yóò rù ú, orí ìyàwó ló sì bọ́ sí. Bí a ṣe wá ń ka obìnrin sí nílé ọkọ, ní kóòtù àti lójú agbowó-orí ní ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fínnífínní, nítorí pé ẹni tí kò gún jéró rí lè rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni. Jéró kì í ṣe ìrẹsì tí a kàn ń dà sínú omi gbígbóná. Obìnrin á pa á kúrò lára orí rẹ̀, á wọ́n omi sí i, á gún un kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, á fẹ́ èèpo náà dànù, á fọ ọkà, á dà á padà sínú odó, á gún un títí yóò fi di ìyẹ̀fun, á sẹ́ ẹ, á sì dá èyí tí kò kúnná padà sínú odó lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yìn èyí ló tó kan ìdí iná, bóyá tùwó ni yóò rò tàbí fùrá ni yóò yí. Omi tó fi fọ ọ́, kànga tó jìn ló ti fà á. Igi tó fi dáná, oko ló ti ṣẹ́ ẹ. Kò sì lè gún ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ìyẹ̀fun tí a fi omi gún kì í pẹ́ kó tó kan. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Agbo ilé tó bá ní èèyàn ogún ń fẹ́ apá obìnrin púpọ̀ kí wọ́n tó lè jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Kí òyìnbó tó dé, ní ilẹ̀ Zarma àti Songhay tó yí Niamey ká, ẹni tó bá rí jájẹ kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹrúbìnrin ló wà fún un. Martin Klein àti Claire Robertson, tí wọ́n ṣàkójọ ìwádìí lórí obìnrin àti ẹrú ní Áfíríkà ní 1983, fi hàn pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú tí wọ́n ń mú sìn nínú Áfíríkà fúnra rẹ̀, owó tí wọ́n fi ń rà wọ́n a sì máa ju ti ọkùnrin lọ. Àwọn kan rò pé nítorí ọmọ bíbí ni. Ọmọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gba iwájú: ẹni tó ń gún ọkà, tó ń pọnmi, tó ń ran òwú, tó tún ń roko, níye lórí ju ẹni tó ń roko nìkan lọ. Jean-Pierre Olivier de Sardan, onímọ̀ ará Faransé tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ Niger tí àwọn òbí wọn ti ṣe ẹrú, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1976, jẹ́ kí a mọ bí ìpín náà ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lójú ogun ṣeé tà bí ẹran. Èyí tí wọ́n bí sínú ilé, tí wọ́n ń pè ní horso, kì í sáàbà ṣeé tà mọ́. Èyí tí olówó rẹ̀ bá fi ṣe aya ni wahayo. Ọmọ tó bá bí fún olówó rẹ̀ di ọmọ ilé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò bá àwọn ìyálé dọ́gba láé. Ọmọ tí ẹrúbìnrin yòókù bá bí, ẹni tó ni ìyá ló ni ín.

Òdìkejì èyí ni ìyàwó ọlọ́lá. Àwọn Zarma àti Songhay ní ayẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní maani foori, níbi tí obìnrin ti ń fi ara sísan dán ara wọn wò. Ẹni tó bá wò ó lónìí lè fi ṣe ẹ̀rín. Ara sísan náà ní ohun tó ń sọ: ẹlòmíràn ló ń bá mi gún jéró. Mi ò rò pé ó yẹ kí Yorùbá bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Ìbàdàn àti Ẹfúnróyè Tinúbú ní Èkó àti Abẹ́òkúta, tí a máa ń dárúkọ nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fi hàn pé obìnrin wa ti ń ṣe bẹbẹ tipẹ́, ẹrú púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn lóko àti lọ́jà. Ipò gíga tí obìnrin kan wà, orí obìnrin mìíràn ló tẹ̀ gùn ún. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a sọ “ipò obìnrin” kí Faransé tó dé bí ẹni pé gbogbo obìnrin wà lójú kan náà, ó ti ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí Faransé ṣe wọlé kò jọ ti olùdáǹdè rárá. Ní 1899, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Voulet àti Chanoine ń darí gba etí Odò Ọya wọlé, wọ́n sun abúlé, wọ́n pa èèyàn bí ẹní pa eéṣú, títí wọ́n fi dé Birni-N'Konni ní oṣù karùn-ún ọdún náà, níbi tí ìpakúpa ti burú jù. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá mú, wọ́n ń pín wọn fún àwọn sọ́jà aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ìyẹn sì wà lára ohun tí sọ́jà kan ń retí bí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba Paris rán ọ̀gágun Klobb láti gba àṣẹ lọ́wọ́ Voulet. Voulet ní kí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 14 oṣù keje. Ìwé ìtàn ń pe gbogbo èyí ní ìwà wèrè ọkùnrin méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin inú rẹ̀ kò ní wèrè kankan. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń jẹ jéró kò lè rìn jìnnà láìsí ẹni tó ń gún un, àwọn ọ̀gágun mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní ilẹ̀ Soudan tí Faransé ń ṣàkóso lókè odò, wọ́n ti ń dá ohun tí wọ́n ń pè ní abúlé òmìnira sílẹ̀ láti 1887 fún àwọn ẹrú tó sá wá bá wọn. Kò pẹ́ tí àwọn abúlé náà fi di ibi tí wọ́n ti ń wá alárùú àti òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ibùdó ológun, tí sọ́jà sì ti ń wá ìyàwó.

Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1905 ni òfin jáde fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta èèyàn, kò gbọdọ̀ rà á, kò sì gbọdọ̀ fi í dógò. Ní Niger, àwọn ajẹ́lẹ̀ kò yára mú un ṣẹ. Àwọn olóyè tó ń bá wọn kó owó orí jọ, irú Aouta tó jẹ́ Zarmakoy ní Dosso, ni àwọn tó ni ẹrú jù lọ, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ tó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọjà ẹrú kú, ogun tí wọ́n fi ń mú ẹrú tuntun tán, àwọn tó wà nílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ta ló lè rìn? Ọkùnrin tó ti ṣe ẹrú lè kọrí sí ilẹ̀ mìíràn, ó lè wọ iṣẹ́ sọ́jà, ó lè tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ sí Gold Coast. Obìnrin tó bá ti bímọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó bá lọ, olówó rẹ̀ yóò ní òun ló ni ọmọ, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ tí yóò bá a gba ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ dúró. Àwọn mìíràn wá ọkọ, nítorí pé obìnrin tí kò ní ọkọ tàbí ará ilé kò ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko. Àwọn olówó náà gbọ́n: ẹni tí kò lè jẹ́ ẹrú mọ́ lójú òfin lè jẹ́ ìyàwó, òfin Faransé kò sì tíì bá ìyàwó wí. Ìyàwó ọlọ́lá tí ẹrú rẹ̀ lọ náà bá odó láàárín ọgbà, kò sì sẹ́ni tó máa gún un mọ́ bí kò ṣe òun.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò dín kù o. Ṣe ló ń pọ̀ sí i. Owó orí tí wọ́n ti ń gbà ní ọkà àti ẹran ọ̀sìn di owó Faransé, owó yìí kò sì sí nílẹ̀ Zarma. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn ọkùnrin á fẹsẹ̀ rìn lọ sí gúúsù, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kurmi, títí dé Kumasi àti Accra, wọn á sì padà nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Jean Rouch tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrìn-àjò yìí sọ ọ́ di ìtàn àwọn akọni ọkùnrin tó ń rìnnà jìnnà, ìtàn náà sì dùn ún kà. Ìtàn àwọn tó kù sílé kò rí ẹni kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọdún, obìnrin ló ń gbé agbo ilé dúró, tó ń fa omi fún ẹran, tó ń bọ́ àwọn arúgbó, tó sì ń fi ilá, ẹ̀pà àti ẹ̀pà-rorò inú oko kékeré tirẹ̀ se ọbẹ̀, nítorí pé ọkùnrin ló ni àká jéró, kì í sì í fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin Boubon létí odò, lókè Niamey, ń mọ ìkòkò, wọ́n sì ń tà á. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn di ìsinsìnyí. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù ni òwú ríran, bí aṣọ òyìnbó ṣe ń wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀, òwú yẹn jẹ́ ọ̀kan lára owó díẹ̀ tó ń dé ọwọ́ obìnrin fúnra rẹ̀.

Èmi mọ̀ pé ẹni tó ń kà á ti ní èsì kan lẹ́nu: ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn ló fi obìnrin sí ipò yẹn ni? Yorùbá tó bá ti bá ìlú òkè dòwò pọ̀, tó ti rí ẹlẹ́hàá àti ilé tí obìnrin rẹ̀ kì í jáde, a máa gbà pé bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n ti bá a. Ẹ̀rí kò gbe èrò yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1899, ẹni tó kó àwọn Hausa tí wọ́n ń pè ní Azna jọ ní Lougou láti dènà Voulet ni Sarraounia, obìnrin tó ń ṣe olórí wọn nínú ọ̀rọ̀ òrìṣà àti ti ìlú, nígbà tí olóyè ọkùnrin púpọ̀ lágbègbè náà ti juwọ́ sílẹ̀. Ní ààfin Maradi, Iya jẹ́ olóyè obìnrin tó ń bójú tó bori, ìyẹn ẹ̀sìn àwọn ẹ̀mí tó ń gun èèyàn, tó sì ń parí ìjà àwọn obìnrin. Maradi mọ ẹ̀sìn Ìsìláàmù dáadáa, ó sì mọ bí a ṣe ń fi obìnrin joyè. Ìwádìí tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí jù ni ti Barbara Cooper, tó kọ ìwé lórí ìgbéyàwó ní Maradi ní 1997. Ó rí i pé kúlè, ìgbéyàwó tí ìyàwó ti ń jókòó sínú ilé, tàn kálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹrú tán, kì í ṣe ṣáájú. Ó sì rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu: àwọn obìnrin fúnra wọn fẹ́ ẹ. Ní ilẹ̀ tí fífa omi kànga àti ríroko fún ẹlòmíràn ti jẹ́ àmì ẹrú, obìnrin tó bá wà nínú ilé, tí ọkọ rẹ̀ ń wá ẹni bá a pọnmi, ti fi hàn gbogbo ayé pé òun kì í ṣe ẹrú. Ẹ̀sìn fún un ní orúkọ tó níyì. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má pe èèyàn ní ẹrú ló fún un ní agbára.

Owó orí náà yẹ ká tú palẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ la ti lè fi Niger wé ilé. Ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, orí obìnrin wà nínú owó orí, àní orí ọmọ tó ti kúrò ní kékeré pàápàá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ baálé ni wọ́n ti ń gbà á, baálé á kó o fún olóyè, olóyè á kó o fún ajẹ́lẹ̀. Wọ́n ka obìnrin, wọ́n gba owó lé e lórí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ní Abẹ́òkúta, láti 1918 tí owó orí ti dé pẹ̀lú ogun Adúbì lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀: ṣílè méjì ààbọ̀ lọ́dún bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọkùnrin ń san ṣílè márùn-ún. Inú àwọn ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kò dùn sí i rárá, àwọn agbowó-orí sì ń fi ojú wọn rí nǹkan. Àmọ́, ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tó lè kọ̀. Ní 1947, nígbà tí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti yí ààfin Aláké ká, obìnrin tó ń sanwó láìní aṣojú ni wọ́n pe ara wọn. Ní oṣù keje 1948, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò nílùú. Ní oṣù kìíní 1949, ó fi oyè sílẹ̀. Owó orí obìnrin sì lọ. Àwọn kan á ní obìnrin Yorùbá ló láyà ju obìnrin Zarma lọ. Èmi kò gbà. Ìyàwó Zarma kò rí ìwé owó orí kankan tó lè ya, nítorí pé abẹ́ orúkọ ọkọ ni wọ́n kó tirẹ̀ sí.

Ẹni tó bá sì rò pé láyà ni kò sí, kó gbọ́ nípa Chibo. Láàárín 1925 sí 1927, ní Chikal ní ilẹ̀ Kurfey lápá Filingué, ọmọbìnrin yìí kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ẹ̀mí tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Hauka. Ẹ̀mí gómìnà, ẹ̀mí ọ̀gágun, ẹ̀mí ajẹ́lẹ̀ ló ń gùn wọ́n; wọ́n ń yan bíi sọ́jà, wọ́n ń pàṣẹ, wọn kò sì ka àṣẹ olóyè ìlú àti ti òyìnbó sí. Ọ̀gá ìjọba Faransé kan tó ń jẹ́ Croccichia kó wọn wá sí Niamey, ó tì wọ́n mọ́lé, ó sì fi ìyà jẹ wọ́n. Hauka wá fi òun náà ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀mí wọn, èyí tó burú jù. Àwọn Zarma gbé Hauka lọ sí Gold Coast, ibẹ̀ ni Rouch sì ti ya fíìmù nípa rẹ̀ ní 1954. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú fíìmù náà, gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n. Obìnrin tó dá a sílẹ̀ ló di orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìtàn nìkan ń pè. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Chibo ni pé ọ̀nà oyè, ọ̀nà kóòtù àti ọ̀nà owó orí ti dí mọ́ obìnrin. Ọ̀nà ẹ̀mí nìkan ni ajẹ́lẹ̀ kò tíì ní ìwé fún.

Bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà mọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò ka ìmọ̀ rẹ̀ sí. Ìyàn ńlá mú ìwọ̀-oòrùn Niger ní 1931, lẹ́yìn ọ̀dá àti eéṣú, ìjọba kò sì dẹ ọwọ́ owó orí bó ti yẹ. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni hanza, èso igbó tó korò débi pé bí a kò bá rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí a sì máa pààrọ̀ omi náà, kò ṣeé jẹ. Obìnrin ló mọ ibi tó wà àti bí a ṣe ń mú oró kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ìmọ̀ yẹn sí nínú ìṣirò ọrọ̀ ilẹ̀ náà.

Ó ku àtakò kan tó wúwo ju ti ẹ̀sìn lọ. Wọ́n á ní, bó ti wù kó rí, Faransé fòpin sí títa èèyàn, wọ́n sì ṣí kóòtù sílẹ̀ fún obìnrin. Ṣé èyí náà kì í ṣe oore? Oore ni, n kò ní purọ́. Obìnrin tí wọn kò lè tà mọ́ sàn ju èyí tí wọ́n lè tà lọ́la lọ. Lẹ́yìn òfin 1903 tó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, onímọ̀ ìtàn Richard Roberts rí i nínú ìwé kóòtù ilẹ̀ Soudan láàárín 1905 sí 1912 pé àwọn ìyàwó ló ń pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ jù, pé ọ̀pọ̀ wọn sì ń jàre. Ìyẹn fi hàn pé obìnrin mọ ọ̀nà tó là, wọ́n sì sáré gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù fi ọwọ́ ọ̀tún fún wọn, wọ́n fi òsì gbà á padà. Àṣà ni kóòtù náà ń fi dájọ́, ọkùnrin ló sì ń sọ ohun tí àṣà jẹ́. Brévié, tó ti ṣe gómìnà Niger kó tó di gómìnà àgbà ní Dakar, pàṣẹ ní 1931 pé kí wọ́n kọ àṣà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1939, Niger sì wà nínú ìdìpọ̀ kẹta. Ẹnu olóyè, àáfà àti àgbà ọkùnrin ni wọ́n ti gbọ́ púpọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń wá bí iṣẹ́ ẹrú yóò ṣe dúró lábẹ́ orúkọ ìyàwó láti bí ọdún 30. Àríyànjiyàn tí ìyàwó àti ọkọ ti ń bá ara wọn ṣe lójoojúmọ́ di òfin tí a tẹ̀ sínú ìwé, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì pè é. Ní ọdún kan náà, òfin Faransé tí wọ́n ń pè ní òfin Mandel ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó fi í fún ọkọ, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 14. Òfin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí Dakar tó fi kú.

Bí ẹnì kan bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá ní Niamey. Ní 1996, wọ́n ta ọmọbìnrin ọdún 12 kan, Hadijatou Mani Koraou, ní 240,000 sẹ́fà fún ọkùnrin tó ti ní ìyàwó mẹ́rin, kó lè jẹ́ wahiya, ìyẹn ẹrúbìnrin tí ọ̀gá ń bá lò bí aya. Ó roko, ó ṣe iṣẹ́ ilé, ó bímọ fún un, kò sì gba kọ́bọ̀. Niger sọ ìmúnilẹ́rú di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n ní 2003. Ní 2005, ọ̀gá náà fún un ní ìwé òmìnira, ó sì ní kò gbọdọ̀ lọ, nítorí pé ìyàwó òun ni. Kóòtù kan ní Konni ní ìgbéyàwó kò sí láàárín wọn. Kóòtù tó ga jù ú lọ ní, lójú àṣà, ẹrúbìnrin tí wọ́n bá dá sílẹ̀ ti di ìyàwó ẹni tó dá a sílẹ̀. Hadijatou ti fẹ́ ẹlòmíràn nígbà náà. Ní 2007, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un pé ó fẹ́ ọkọ méjì. Ó gbé ìjọba Niger lọ sí kóòtù àjọ ECOWAS. Kóòtù náà wá jókòó ní Niamey, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2008 sì ni wọ́n dájọ́ pé ìjọba kùnà láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìmúnilẹ́rú, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́fà fún un. Adájọ́ tó ní ẹrú tí a dá sílẹ̀ di ìyàwó kò hùmọ̀ ohun tuntun kankan. Ìṣirò ọdún 1905 ló ń kà jáde. Kóòtù Niger ṣì ń fi àṣà dájọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó di òní, àṣà tí wọ́n kọ sílẹ̀ láìpe àwọn tó ń gún jéró sí ìjókòó.